Ìlú Owógbó, Níbi Tí Wọ́n Ti Ń Dọ̀bálẹ̀ fún Tọ́rọ́

Músílíù, gbé nǹkan yẹn kúrò níwájú mi. Mo ní kí o gbé e kúrò! Ẹ̀yin náà, ẹ wo bí ẹ ṣe ń na ọrùn bí ọmọ ẹyẹ tí ìyá rẹ̀ mú kòkòrò dé. Tọ́rọ́ ni. Tọ́rọ́ lásán-làsàn tí ìyá mi fi ń ra ẹ̀kọ nígbà tí mo wà ní kékeré ni Músílíù gbé ti Ìbàdàn wá, tó dì í sínú òwú, tó ń pè é ní ohun ìṣúra, tí gbogbo yín wá ń gbà á láti ọwọ́ dé ọwọ́, tí ẹ ń fi àtàǹpàkò pa á lórí bí ọmọ àṣẹ̀ṣẹ̀bí. Mo tilẹ̀ rí ẹnì kan lọ́hùn-ún tó gbé e sí imú. Kí lo ń gbóòórùn? Ìtàn ni àbí ìdọ̀tí?

Músílíù ní kí n má bínú, ó ní owó àtijọ́ níyì lójú àwọn tó mọ̀wé. Ta ló bá ọ wí? Jókòó. Ẹ bu ẹmu sí igbá mi kó kún, nítorí ọ̀rọ̀ tí mo fẹ́ sọ yìí kì í ṣe ọ̀rọ̀ ọ̀fun gbígbẹ. Èmi Ọdẹ́jìnmí Oníbọn-bí-Àrá, èmi tí ẹfọ̀n rí tó ní òun gbàgbé nǹkan sílé, mo ti dé ìlú tí wọ́n ti ń ṣe ohun tí ẹ ń ṣe yìí láti òwúrọ̀ di alẹ́. Àìrìn jìnnà ni àìrí abuké ọ̀kẹ́rẹ́. Èmi rìn jìnnà, mo rí abuké erin, mo sì rí arúgbó onírùngbọ̀n funfun tó dọ̀bálẹ̀ gbọọrọ fún tọ́rọ́. Ẹ fi etí sílẹ̀, kí ẹni tó bá fẹ́ wúkọ́ tètè wú u.

Ẹ mọ Ìbíyẹmí, àbúrò mi obìnrin, ọmọ ìyá mi. Láníhùn ló fẹ́ ẹ, àbíkẹ́yìn agboolé Akínlàbí. Ọkùnrin tẹ́ẹ́rẹ́ ni Láníhùn, ó mọ iṣu í gbìn, kò mọ bí a ti ń sọ pé rárá. Nígbà tí bàbá wọn wà láyé, bàbá a máa gbèjà rẹ̀. Ṣùgbọ́n ọdún tí bàbá kú, Akínlàbí tó jẹ́ àkọ́bí gba ipò olórí ilé, Láníhùn sì di ẹrú tí a kò fowó rà. Láníhùn, já ewé wá fún ewúrẹ́. Láníhùn, gbé àpótí wá. Láníhùn, wá lé adìẹ yìí. Ẹ̀gbọ́n ń rán an, ìyàwó ẹ̀gbọ́n ń rán an, àwọn ọmọ ẹ̀gbọ́n tí wọ́n bí ṣáájú rẹ̀ ń rán an. Bí òun náà bá rán ọmọ tó kéré sí i níṣẹ́, ìyá ọmọ á jáde, á ní, "Ìwọ ta ni?" Ẹ mọ àṣà wa. Ẹni tó fi ọjọ́ kan ṣáájú rẹ dé ayé, ẹ̀gbọ́n rẹ ni. Àṣà tó dára ni, n kò bú u, ṣùgbọ́n ẹni tó bá wà nísàlẹ̀ pátápátá ni gbogbo omi ń dà sí lórí.

Lọ́jọ́ kan ó ń kọ ebè, ọkọ́ rẹ̀ kan nǹkan, ó dún gbin. Ó wú u. Owó idẹ kan ni, ó ti di àwọ̀ ewé, ojú ọba tó wà lára rẹ̀ ti pa rẹ́ tán, ó ku imú nìkan. Láti ọjọ́ náà ni ọwọ́ ọ̀tún Láníhùn kò là mọ́. Ó ń jẹun, ó dì í mọ́wọ́. Ó ń sùn, ó dì í mọ́wọ́. Nígbà tí àbúrò mi bi í pé kí ló rí nínú idẹ, ó ní, "Ìbíyẹmí, bí mo bá mú un dání, ó ń ṣe mí bí ẹni pé èmi náà dàgbà." Ẹ gbọ́ ọ̀rọ̀ ọkùnrin! Kò pẹ́, ó gbọ́ ìró ìlú kan tó wà lẹ́yìn Igbó Ọ̀sán-Dúdú, ìlú tí wọ́n ti mọ iyì owó tó bá gbó. Ajá tó máa sọnù kì í gbọ́ fèrè ọdẹ. Kò dágbére fún ẹnikẹ́ni, ọkọ́ rẹ̀ nìkan la bá lójú ebè.

Lẹ́yìn tó lọ ni oyún Ìbíyẹmí wá hàn. Akínlàbí wo ikùn náà, ó yínmú. Ó ní oyún tí ọkọ kò fi ẹnu ara rẹ̀ sọ nílé, oyún ìta ni. Àbúrò mi búra títí, ó sunkún títí, wọ́n ní ẹkún kì í ṣe ẹlẹ́rìí. Nígbà tó bí ọmọkùnrin, Akínlàbí kéde láàárín agbo ilé pé bí Láníhùn kò bá fi ẹsẹ̀ ara rẹ̀ wọlé kó tó di òwúrọ̀ ìsọmọlórúkọ, kí Ìbíyẹmí pọn ọmọ rẹ̀, kó kó ẹrù rẹ̀, kó máa lọ, nítorí kò sí ẹni tí yóò sọ ọmọ àlè lórúkọ nínú ilé bàbá àwọn. Ọmọ tí a kò sọ lórúkọ nílé baba rẹ̀, kí ni ẹ ó máa pè é? Ìwọ yìí?

Àbúrò mi ránṣẹ́ sí mi. Mo bá a lórí ẹní, ojú rẹ̀ ti wú. Ó ní, "Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ bá mi wá a rí. N kò ní kó wá nítorí èmi. Kó ṣáà wá sọ òtítọ́ kan ṣoṣo nítorí ọmọ yìí, kó tún máa lọ bó bá wù ú." Inú mi bàjẹ́. Mo gbé ìbọn, mo gbé àpò, mo di iṣu sísun àti ata gígún, mo kọrí sí igbó.

Igbó Ọ̀sán-Dúdú, ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni tàn yín lọ síbẹ̀. Oòrùn a máa dé etí rẹ̀, a sì máa padà. Mo wọ inú rẹ̀ pẹ̀lú ìgbéraga, nítorí bí kì í bá ṣe ìgbéraga, kí ni ọdẹ fi ń wọ igbó? Mo rìn títí mo fi dé ibi igi ńlá kan tí wọ́n so ìràwé idẹ mọ́ gbogbo ẹ̀ka rẹ̀. Nígbà tí mo sún mọ́ ọn ni mo rí i pé ìràwé kọ́: orí ènìyàn ni, orí tó ti tẹ́ pẹlẹbẹ sára idẹ, gbogbo wọn kọ ẹ̀gbẹ́ sí mi bí orí ọba ara sílè. Lábẹ́ igi náà ni iwin kan jókòó sí. Orí rẹ̀ kò ní ojú, kò ní imú, ó dán bí ìdí ìkòkò. Orí ìka ọwọ́ rẹ̀ ni ojú rẹ̀ wà, lórí ìka kọ̀ọ̀kan, wọ́n sì ń ṣẹ́jú sí mi pẹ́kẹ́pẹ́kẹ́.

Ó ní, "Èmi ni Afọwọ́ríran, oníbodè ìlú Owógbó. Ẹni tó bá máa kọjá yóò já àlọ́ mi. Bí kò bá já a, màá fi ọwọ́ wo gbogbo ara rẹ̀, ẹni tí mo bá sì fi ọwọ́ wò tán, orí rẹ̀ á tẹ́ sára idẹ. Ó sùn nílé ọba, ó sùn nílé ẹrú. Ó sùn ní ìdí aṣọ aṣẹ́wó, ó sùn nínú àpò àlùfáà. Síbẹ̀, kò ní ilé. Kí ni?"

Mo ní, "Ìdun ni."

Gbogbo ojú orí ìka rẹ̀ là sílẹ̀ rangandan. Ó ní, "Ìwọ aláìmọ̀kan, owó ni!"

Mo ní, "Kí wá ni ìyàtọ̀? Àwọn méjèèjì ló ń mu ẹ̀jẹ̀ ọmọ ènìyàn, kò sì sí èyí tó mọ ẹni tó gbà á sílé."

Háà, ẹ ẹ̀ rí i bó ṣe bínú! Ó dìde, ó ga ju ọ̀pẹ lọ. Mo yìnbọn lù ú, ó fi ìka gba ọta bí ẹni gba ẹ̀pà. Mo tún yìn ín, ó tún gbà á, ó yí i wò, ó ní ọta ọ̀hún kò gbó tó. Ọwọ́ rẹ̀ ti ń bọ̀ wá sí ojú mi, ẹ̀rù sì bà mí. Bẹ́ẹ̀ ni, mo ní ẹ̀rù bà mí! Ẹni tí ẹ̀rù kò bà nínú igbó, inú igbó náà ni wọ́n ń sin ín sí. Ni mo bá rántí ata inú àpò mi. Mo bu ú sí àtẹ́lẹwọ́, mo ní, "Oníbodè, sùúrù. Níbi tí wọ́n ti bí mi, a kì í fọwọ́ kan àlejò láì kọ́kọ́ bọ̀ ọ́ lọ́wọ́." Iwin náà fẹ́ràn ọ̀wọ̀. Ó na ọwọ́ méjèèjì sí mi. Mo gbà á, mo rọ ọ́, mo fi ata yẹn pa gbogbo ìka rẹ̀ látòkè délẹ̀. Igbe tó ké, mo ní èso àgbàlùmọ̀ gbogbo agbègbè náà ló já sílẹ̀ kí ó tó pọ́n. Mo fi í sílẹ̀ níbi tó ti ń fẹ́ atẹ́gùn sí ìka, mo kọjá lọ.

Bí mo ṣe wọ Owógbó ni mo ti mọ̀ pé ìlú àwọn òpè ni mo dé. Igbó ti bo oko wọn. Òrùlé ń jò. Ojúlówó ọjà wà láàárín ìlú, àwọn ènìyàn kún inú rẹ̀, ṣùgbọ́n kò sí ẹni tó ń tà, kò sí ẹni tó ń rà. Wọ́n kàn dúró ní méjì-méjì, wọ́n ń la ọwọ́ sí ara wọn, wọ́n ń sọ pé "Ẹ̀ẹ̀ẹ́n, ẹ wo bó ti dógùn-ún tó!" Ọwọ́ ọ̀tún wọn kì í fi owó sílẹ̀, nítorí náà wọ́n ń fi ẹnu kó oúnjẹ nínú àwo bí ewúrẹ́, àwọn abiyamọ ń fi ìgúnpá gbé ọmọ. Ẹni tó bá ṣèèṣì fi eérú àti ọsàn wẹ́wẹ́ fọ owó rẹ̀ kó lè dán, bí ìyá gbogbo wa ti kọ́ wa láti máa fọ idẹ, wọ́n á lé e kúrò nílùú. Wọ́n ní ó ti fá irun àgbà.

Níbẹ̀ ni mo ti rí arúgbó tí mo sọ fún yín. Ọmọdékùnrin kan ń bọ̀, ikun ń dà ní imú rẹ̀. Arúgbó yìí wólẹ̀, ó na gbalaja, ó ní, "Ẹ kú àárọ̀ o, bàbá mi." Mo ní, "Bàbá, kí ló dé? Ṣé ẹ ṣubú ni?" Ó ní rárá, ó ní owó ọwọ́ ọmọ yẹn ti wà láyé kí wọ́n tó rọ ti òun. Ẹ gbà mí! Bí ọ̀rọ̀ wọn ṣe rí nìyẹn. Kì í ṣe ọjọ́ orí ẹni ni wọ́n ń wò, ọjọ́ orí owó ọwọ́ ẹni ni. Ẹni tí owó rẹ̀ bá gbó jù ni àgbà, ẹni tí tirẹ̀ bá jẹ́ tuntun, ọmọdé ni, ìbáà jẹ́ pé eyín kò sí lẹ́nu rẹ̀ mọ́. Àwọn baba wa ní bí ọmọdé láṣọ bí àgbà, kò lè ní àkísà bí àgbà. Àwọn wọ̀nyí lọ ṣa àkísà alákìísà, wọ́n wọ̀ ọ́, wọ́n ní àwọn ti dàgbà.

Wọ́n mú mi lọ sọ́dọ̀ Atọ́wò. Òun ni ọkùnrin tó ń fi ahọ́n mọ ọjọ́ orí owó ní ìlú náà. Ahọ́n rẹ̀ ti di àwọ̀ ewé. Ó ní kí n mú ti èmi wá kí òun tọ́ ọ wò. Mo ní n kò ní owó lọ́wọ́, iṣu ni mo ní. Ó fi àánú mi orí. Ó yíjú sí àwọn ènìyàn, ó ní, "Wọn ò tíì bí eléyìí." Músílíù, ìwọ ń rẹ́rìn-ín! Èmi Ọdẹ́jìnmí, tí mo ti ní ọmọ-ọmọ nígbà náà, mo di ẹni tí wọn ò tíì bí. Ọmọ tó ń rá kò ń nàka sí mi pé kí n lọ pọn omi. Mo pọn ọ́n! Kí ni mo fẹ́ ṣe? Mo ń pọn ọ́n, mo ń bú ìran wọn nínú, ṣùgbọ́n mo fi bẹ́ẹ̀ dé gbogbo ilé, títí tí wọ́n fi ní kí n gbé omi wẹ̀ lọ fún Bàbá-Gbogbo-Wa, ẹni tí owó rẹ̀ gbó jù lọ ní Owógbó.

Mo gbé omi wọlé, mo gbójú sókè. Láníhùn ni. Ó jókòó sórí àga gíga, wọ́n gbé ìrọ̀rí sábẹ́ apá rẹ̀ kí ọwọ́ tó fi di owó mú má baà rẹ̀ ẹ́. Ó wò mí, ó mọ̀ mí, ó sì ní, "Dọ̀bálẹ̀."

Ta ni? Èmi? Èmi ẹ̀gbọ́n ìyàwó rẹ̀? Ẹni tó dọ̀bálẹ̀ fún mi títí ọmú rẹ̀ fi fẹ́rẹ̀ẹ́ bó nígbà tó wá tọrọ àbúrò mi? Mo gbé korobá omi kalẹ̀. Mo ní, "Láníhùn, bí àna rẹ bá dọ̀bálẹ̀ fún ọ lónìí, ilẹ̀ ni yóò fi ojú rẹ gbolẹ̀ lọ́la. Àbí orí rẹ dàrú ni?" Ó lé àwọn tó kù jáde. Bí ilẹ̀kùn ti padé, ó sọ̀kalẹ̀ lórí àga, ó dọ̀bálẹ̀.

Ó ní, "Ẹ̀gbọ́n, ẹ dárí jì mí. Ṣùgbọ́n ta ni kì í rán mi níṣẹ́ nílé? Níbí, àwọn tó jù mí lọ ń pè mí ní bàbá. Ẹ mú un dání díẹ̀ kí ẹ rí i."

Mo gba owó náà láti fi ṣe yẹ̀yẹ́. Ẹ gbọ́, n kò ní purọ́ fún yín. Ó kọ́kọ́ tutù bí omi inú àmù, lẹ́yìn náà ó ń gbóná díẹ̀díẹ̀ títí ó fi bá ara mi mu. Etí rẹ̀ ti jẹ, kò gún ọwọ́. Kòtò kékeré kan wà níbi tí ojú ọba náà ti wà rí, àtàǹpàkò àwọn tó ti kú ló gbẹ́ ẹ, àtàǹpàkò tèmi sì bọ́ sínú rẹ̀ rẹ́gí. Mo gbọ́ ariwo ọjà tó ti tú. Mo gbọ́ obìnrin tó ń ná iṣu, mo gbọ́ ibi tí wọ́n ti ń kó owó orí ìyàwó kalẹ̀, mo gbọ́ ẹsẹ̀ olè. Láàárín gbogbo ọwọ́ wọ̀nyẹn, ọwọ́ kan wà tó le, tó sán, tó jọ ti ìyá mi. Omi dé ojú mi. Nígbà tí mo fi máa mọ̀, òjìji ilé ti yí kúrò ní ibi tó wà. Ṣùgbọ́n èmi kọ́ ni wọ́n ń fi idẹ dè mọ́lẹ̀! Mo tutọ́ sílẹ̀, mo jù ú padà sí i lọ́wọ́. Mo ní, "Ìyá mi kú, mo sin ín, mo mọ ojú oórì rẹ̀. Kò sí nínú idẹ. Láníhùn, nínú gbogbo òkú tó ń di ọwọ́ rẹ mú yìí, ta ló mọ orúkọ rẹ?"

Ni mo bá sọ fún un pé Ìbíyẹmí ti bímọ, mo sì sọ ohun tí Akínlàbí pinnu. Ó dìde fùú. Ó ní, "Èmi ni mo ni í! Ọ̀sẹ̀ tí mo lọ gan-an ló sọ fún mi pé òun kò rí nǹkan oṣù òun. N kò tíì sọ fún ẹnikẹ́ni. Ẹ̀gbọ́n, mo gbàgbé. Mo ń di nǹkan yìí mú, mo sì gbàgbé."

Inú bí mi, mo fẹ́ gbá a létí, ṣùgbọ́n àánú rẹ̀ tún ṣe mí. Mo ní, "Gbọ́. Ẹnì kan wà nílé báyìí tó kéré sí ọ, tó jẹ́ pé bí o bá rán an níṣẹ́, kò sí ìyá tó máa jáde bú ọ. Ìwọ ni yóò gbé àpótí wá fún. Ìwọ ni yóò pè ní bàbá, láì tọ́ ohunkóhun wò." Láníhùn bú sẹ́kún bí ọmọ kékeré. Ó ní kí a máa lọ.

Ó kù bí a ó ṣe lọ. Bó bá di owó náà mú, àgbà ìlú ni, àgbà kì í sì í fi ìlú sílẹ̀. Bó bá gbé e kalẹ̀, ó di ọmọdé, ọmọdé kì í jáde láì jẹ́ pé àgbà fún un láyè. Bí a ṣe yọjú síta ni Atọ́wò àti gbogbo ìlú ti dí ọ̀nà. Wọ́n ń dọ̀bálẹ̀, wọ́n ń kúnlẹ̀, ṣùgbọ́n ọ̀nà dí pátápátá. Ọ̀wọ̀ burúkú ló pọ̀ jù láyé.

Ni mo bá bẹ̀rẹ̀, mo ṣa òkúta wẹ́wẹ́ kan nílẹ̀, èyí tí adìẹ ń tàn kiri. Mo ní, "Atọ́wò, bàbá mi, èmi tí ẹ ò tíì bí náà ti rí nǹkan. Ẹ bá mi tọ́ ọ wò."

Ó gbà á, ó lá a. Ó dúró. Ó tún un lá. Òógùn bò ó. Ó ní, "Kí wọ́n tó rọ idẹ… kí wọ́n tó tẹ ìlú dó… kí a tó bí ẹni tó kọ́kọ́ sọ pé owó…" Ó wólẹ̀ fún òkúta náà gbàá. Gbogbo ìlú tẹ̀lé e.

Mo ní, "Ẹ kú ọ̀wọ̀. Ṣùgbọ́n níbo ni mo ti mú un?"

Wọ́n wo ilẹ̀. Ilẹ̀ kún fún òkúta wẹ́wẹ́ láti ẹnu ọ̀nà dé etí igbó. Wọ́n wo ẹsẹ̀ wọn. Yéè! Orí àwọn bàbá wọn ni wọ́n ti ń tẹ̀ láti ọjọ́ tí wọ́n ti dáyé. Igbe ta. Àwọn kan ń gbé ẹsẹ̀ kan sókè, wọn ò rí ibi tí wọn yóò gbé e sọ̀ sí. Àwọn mìíràn dọ̀bálẹ̀ láti tọrọ àforíjì, wọn kò sì lè dìde mọ́, nítorí ẹni tó bá dìde yóò tẹ àgbà mọ́lẹ̀. Ẹ wo àwọn ọlọ́gbọ́n! Láníhùn la ọwọ́, ó wo owó rẹ̀ pẹ́ títí, ó gbé e kalẹ̀ láàárín òkúta, níbi tí kò ti ju ọmọ ọwọ́ lọ. A gba orí wọn kọjá. Bí mo ti ń sọ̀rọ̀ yìí, wọ́n lè ṣì wà ní ìdọ̀bálẹ̀.

A sáré. Kò sí iwin tí mo dúró kí lọ́nà. Òwúrọ̀ ìsọmọlórúkọ la wọ agboolé Akínlàbí, ẹrù àbúrò mi ti wà lẹ́nu ọ̀nà, ó sì ti fi ọ̀já di ọmọ mọ́yà. Nígbà tó rí ọkọ rẹ̀, ó kàn jókòó sórí ẹrù.

Láníhùn dọ̀bálẹ̀ fún àwọn ẹ̀gbọ́n rẹ̀ níkọ̀ọ̀kan. Ó ní, "Èmi ni mo ni ọmọ yìí. Mo mọ̀ nípa oyún náà kí n tó lọ."

Akínlàbí ọlọ́run-ó-fún-mi-níkùn jókòó, ó ń fi ọwọ́ pa ikùn. Ó ní, "O ti bá iwin gbé. Ta ni yóò gba ọ̀rọ̀ rẹ gbọ́? Àwa àgbà ti jókòó, a ti sọ̀rọ̀, ọ̀rọ̀ ti parí. Láti ìgbà wo ni àbíkẹ́yìn ti ń yí ọ̀rọ̀ àgbà padà? Gbé ẹrù ìyàwó rẹ, kí o bá a gbé e dé ọ̀nà."

Ẹ ò rí i! Ọmọ adúláwọ̀ fi ẹsẹ̀ rìn jáde nínú igbó iwin, ó wá bá iwin nílé. Mo ti di ìdí ìbọn mi mú. Ṣùgbọ́n Láníhùn dìde. Ó lọ bá Ìbíyẹmí, ó gba ọmọ lọ́wọ́ rẹ̀. Ó wò ó, ó pẹ́ lójú rẹ̀. Mo rò pé ó fẹ́ gbé e pọ̀n kí àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta máa lọ ni. Dípò bẹ́ẹ̀, ó rìn wọ àárín agbo, ó tẹ́ ọmọ náà sórí ẹní àgbà, ó sún sẹ́yìn, ó da àyà délẹ̀ gbọọrọ níwájú rẹ̀.

Ó ní, "Bàbá, ẹ kú àbọ̀. Ẹ kú ìrìn. Babájídé ni orúkọ tí ẹ bá wá. Wọ́n ní kí ẹ jáde nínú ilé tí ẹ fi ọwọ́ ara yín kọ́."

Àwọn ìyá àgbà ló kọ́kọ́ ké. Ọ̀kan nínú wọn, opó bàbá tó kú, wo iwájú orí ọmọ náà, ó ní, "Yéè, ọkọ mi!" ó kúnlẹ̀, àwọn yòókù kúnlẹ̀ tẹ̀lé e, oríkì bàbá wọn gba ẹnu wọn. Àwọn ẹ̀gbọ́n wo ara wọn, wọ́n wólẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan. Ó ku Akínlàbí. Bó bá ní ọmọ àlè ni, ó bú bàbá tó bí i lójú gbogbo ìdílé. Ó dìde, ó tún jókòó, ó tún dìde. Nígbẹ̀yìn, ó gbé ikùn rẹ̀ kalẹ̀, ó gbé àyà lé e, ó ní, "Ẹ káàbọ̀, Bàbá." Ìbíyẹmí kó ẹrù rẹ̀ padà sí yàrá fúnra rẹ̀, kò sì gbà kí ẹnikẹ́ni bá a gbé e.

Nígbà tí a jẹun tán, mo fa Láníhùn sí ẹ̀gbẹ́ kan. Mo ní, "Arákùnrin, kí lo ṣe yìí? Ẹnì kan ṣoṣo tí o lè rán níṣẹ́ nínú ilé yìí, òun náà lo sọ di àgbà lé ara rẹ lórí. O tún ti padà di àbíkẹ́yìn gbogbo wọn."

Ó rẹ́rìn-ín, ó na ọwọ́ ọ̀tún rẹ̀ gba korobá. Ó ní, "Ẹ̀gbọ́n, ẹ jẹ́ kí n tètè lọ fọ ìlédìí Bàbá. Wọ́n ti tọ̀ sí i." Ó sì gba ọ̀nà ẹ̀yìnkùlé lọ.